Ìwé ìdìbò tí wọ́n fún mi kò ní káńsílọ̀ nínú, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì Bowie:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti jí, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ibùdó ìdìbò ni mo wà. Wọ́n rí orúkọ mi, wọ́n fún mi ní ìwé ìdìbò, àfi bí mo ṣe wò ó tí mo rí i pé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí gómìnà, kò sí aláṣẹ káúńtì, kò sí káńsílọ̀! Obìnrin tó wà níwájú mi, tiẹ̀ kún fún orúkọ tinú tẹ̀yìn. Mo bi òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ó ní bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Mo ní kó bá mi dì í mú ná, mo sáré jáde wá sínú mọ́tò. Ṣé wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ọmọ onílùú ni? Èṣí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Nítorí káńsílọ̀ yìí gan-an ni mo ṣe gbàyè níbi iṣẹ́: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ràgàjì kan sẹ́yìn àdúgbò wa, tírélà á sì máa gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì kọjá tọ̀sán-tòru.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, kí lẹ fi síbi tí wọ́n ti béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ìyá Ìbejì Bowie:
Mo ní mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Kí ni kí n tún fi síbẹ̀? Bàbá mi fojú rí wẹ́tíẹ̀, ilé tó kángun sí tiwọn ni wọ́n dáná sun. Àtìgbà náà ló ti ń kìlọ̀ fún gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ pé orúkọ wa ò gbọdọ̀ wọ ìwé ẹgbẹ́ olóṣèlú.

Alàgbà Silver Spring:
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìdìbò abẹ́lé lèyí, ìyá. Ní Maryland níbí, ará ilé Democrat ló ń yan olùdíje Democrat, ará ilé Republican ló ń yan ti Republican, ẹni tó bá dúró síta á máa yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ò sí lábẹ́ ẹgbẹ́, òun ló ṣe kù fún yín.

Ìyá Ìbejì Bowie:
Ha, Ọlọ́run ṣeun. Ó dáa náà, màá dúró di oṣù Kọkànlá tí gbogbo ayé á jọ dì í.

Alàgbà Silver Spring:
Kí lẹ fẹ́ bá lóṣù Kọkànlá? Ní Prince George's, káúńtì yín, ìjókòó mọ́kànlá ni ìgbìmọ̀ káúńtì ní, Democrat ló jókòó sórí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti borí nínú abẹ́lé ti borí nìyẹn, kó lọ rán aṣọ ìbúra. Ẹ rántí ìgbà tí Angela Alsobrooks fi ipò aláṣẹ káúńtì sílẹ̀ lọ sílé aṣòfin àgbà. Oṣù Kẹta 2025 ni wọ́n dìbò abẹ́lé láti rọ́pò rẹ̀, oṣù Kẹfà ni wọ́n dì ti gbogbogbò. Àtoṣù Kẹta tí Aisha Braveboy ti wọlé làwọn èèyàn ti ń kí i kú oríire. Ta ló tún ń ka oṣù Kẹfà sí? Ìgbìmọ̀ yẹn náà ló sì máa fọwọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí yín tàbí kó má fọwọ́ sí i.

Àdùnní Baltimore:
Ẹ má dá ìyá lẹ́bi o, èmi náà jẹ iyán rẹ̀ ní 2024. Ọdún tí Alsobrooks àti David Trone ń du sẹ́nétọ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat. Ọkùnrin yẹn ná owó tirẹ̀ tó lé ní ọgọ́ta mílíọ̀nù dọ́là. Ojoojúmọ́ ni ìwé rẹ̀ ń bọ́ sínú àpótí lẹ́tà wa, ìwé dídán tó nípọn, ọmọ mi fi ń gé ẹja àti ẹyẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ti gbọ́ gbogbo ìpolongo tán, mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́. Mo dé ibẹ̀, wọ́n ní mi ò sí nínú ẹgbẹ́. Mo bú wọn délé. Ìgbà tí mo délé tán ni mo rí lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi tipẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé mi ò ní ẹgbẹ́.

Ṣadé Brooklyn:
Maryland ṣì ṣàánú yín. Ní New York, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn pa fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹgbẹ́ nítorí ìdìbò abẹ́lé oṣù Kẹfà. Ọjọ́ olólùfẹ́! Èmi wà nídìí ààrò, mò ń se ìrẹsì ọ̀fadà fún ẹni tí kò tiẹ̀ padà wá jẹ ẹ́, àwọn ń ti ilẹ̀kùn. Oṣù Kẹta ni mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Bí Cuomo àti Mamdani ṣe ń wọ̀yá ìjà lórí ipò olórí ìlú New York ní 2025, tí gbogbo ọ́fíìsì wa ń to orúkọ márùn-ún tẹ̀léra, bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn sí, sórí ìwé ìdìbò wọn bí ẹni to àwo, àwòran lèmi.

Ìyá Ìbejì Bowie:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣé mo lè yí i padà báyìí? Lónìí? Ilé ìdìbò ò tíì pa dé.

Alàgbà Silver Spring:
Rárá. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú ìdìbò ni wọ́n ti dáwọ́ pípààrọ̀ ẹgbẹ́ dúró.

Àdùnní Baltimore:
Àmọ́ wọ́n ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò ní Maryland, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

Alàgbà Silver Spring:
Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá ni wọ́n ń ṣèyẹn fún. Orúkọ ìyá ti wà níbẹ̀.

Àdùnní Baltimore:
Kí ìyá béèrè ìwé ìdìbò onígbà díẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń tọ́jú sínú àpòòwé títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò lè fi ìyẹn dù wọ́n.

Alàgbà Silver Spring:
Wọn ò ní fi dù wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣí àpòòwé, tí wọ́n rí i pé ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ni, ta ló máa ka ìbò káńsílọ̀ yẹn?

Pásítọ̀ Philly:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi ò rí àṣìṣe kankan nínú ohun tí arábìnrin yìí ṣe. Níta lèmi náà wà, ibẹ̀ ni màá sì wà. Àtàwọn Democrat àtàwọn Republican ló ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ò pamọ́, àwọn olùdíje máa ń gbà á, wọ́n á mọ ẹgbẹ́ tí pásítọ̀ wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí orúkọ mi ní apá kan, apá kejì á ní òun ni mò ń bá wí lórí pẹpẹ.

Ṣadé Brooklyn:
Pásítọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Philadelphia! Láti 1952 ni Democrat ti ń ṣe olórí ìlú yín láìjá. Ẹ̀yin ò bá wọn yan olùdíje, ẹ wá ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbàdúrà lórí ẹni tí wọ́n yàn.

Pásítọ̀ Philly:
Àdúrà ni iṣẹ́ mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ̀rù tẹ́ ẹ gbé wá láti ilé ló ń dà yín láàmú. Ẹgbẹ́ òṣèlú níbí kò ní alága wọ́ọ̀dù tó máa wá kanlẹ̀kùn yín lóru. Ẹ kì í san owó ẹgbẹ́, ẹ kì í ra aṣọ ẹgbẹ́, wọn kì í lé yín nípàdé. Àmì lásán ni lórí ìwé. Ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Ìyá, kẹ́ ẹ tẹ Democrat, kẹ́ ẹ yan káńsílọ̀ tó dáa, tó bá dọ̀la kẹ́ ẹ jáde.

Pásítọ̀ Philly:
Ẹ ń kọ́ àgbàlagbà láti fi irọ́ wọ inú ẹgbẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ìjókòó káńsílọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pín in. Ibo ni kí wọ́n lọ dúró sí?

Bàbá Àgbà Chicago:
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ rọra. Nígbà tí mo dé Chicago ní 1981, òpópónà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀gá ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kápútẹ̀nì ni wọ́n ń pè é. Ó mọ ẹni tó dìbò, ó mọ ẹni tí kò dì. Bí gọ́tà rẹ bá dí, bí ọmọ rẹ bá ń wá iṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa lọ. Ẹni tó bá mọ Adédibú ní Mọ̀lété á ti mọ ibi tí mò ń lọ, àmàlà nìkan ni wọn ò rò fún wa. Irú ètò yẹn ni Richard Daley bàbá fi ṣe olórí ìlú láti 1955 títí tó fi kú ní 1976. Bilandic tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yìnyín ló lé e lọ. Oṣù Kìn-ín-ní 1979, yìnyín bo ìlú mọ́lẹ̀, ìjọba ò rí i kó, mọ́tò ò rìn, rélùwéè ń fo àwọn ibùdókọ̀ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tó di oṣù Kejì, Jane Byrne fìyẹn lù ú bolẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n o! Èyí tí wọ́n dì lóṣù Kẹrin, ayẹyẹ lásán ni.

Ṣadé Brooklyn:
Bàbá, ẹ kú ìtàn. Ṣùgbọ́n ìyá ṣì wà nínú mọ́tò o.

Bàbá Àgbà Chicago:
Jẹ́ n parí. Harold Washington ńkọ́? 1983. Byrne àti Daley ọmọ pín ìbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú abẹ́lé Democrat, ọkùnrin dúdú gba àárín wọn wọlé. Ohun tó yẹ kó parí níbẹ̀ kò parí. Àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní Democrat láti ìgbà ìyá-ìyá wọn, wọ́n rọ́ lọ sọ́dọ̀ Epton, Republican tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Washington ṣáà borí. Ó dé ipò, káńsílọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú àádọ́ta fìdí kalẹ̀, wọn ò gbà fún un títí di 1986. Ìwé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé káàkiri. Nítorí náà, Pásítọ̀, má bẹ̀rù àmì. Àmì kì í sọ ẹni tó máa bá ọ jẹun.

Pásítọ̀ Philly:
Bàbá, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́rìí fún mi láìmọ̀. Tí àmì ò bá sọ nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ gbé e ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Kẹ́ ẹ lè dìbò, sà!

Alákòóso:
Ẹ jọ̀ọ́, kí n gba ẹnu yín díẹ̀. Ẹni tó bá ń lo green card tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ má fìtara tẹ ibi ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò nígbà tẹ́ ẹ bá lọ gba ìwé awakọ̀. Òfin 1993 ló ní kí wọ́n máa bi èèyàn níbẹ̀. Akọ̀wé á bi yín wéré, ẹ ó dáhùn wéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé ọmọ onílùú lòun, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nílẹ̀ yìí. Ọjọ́ tó bá ń béèrè fún ọmọ onílùú, wọ́n á bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ rí.

Wálé Columbus:
Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyàwó mi. Akọ̀wé yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó ní kó fọwọ́ síbí, síbí, síbí. Kò dìbò lọ́jọ́ kan rí. Lọ́yà gba owó tó lè ra mọ́tò, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ títí di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àdùnní Baltimore:
Àwọn kan á ní Takoma Park, ìlú kan ní Maryland níbí, ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú dìbò.

Alákòóso:
Òótọ́ ni, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ti ìlú yẹn nìkan ni, olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ ìlú. Kò kan káúńtì, kò kan gómìnà. Ẹ má lọ fi ti Takoma Park dán nǹkan kan wò ní Bowie.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ ṣáà máa bọ̀ ní Texas. Ìforúkọsílẹ̀ wa kì í béèrè ẹgbẹ́. Oṣù Kẹta ọdún ìdìbò, ẹ dé ibẹ̀, ẹ ní Democrat ni tàbí Republican, wọ́n á fún yín ní ti ẹni tẹ́ ẹ pè.

Túnjí Dallas:
Houston, sọ ìyókù fún wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ìyókù wo?

Túnjí Dallas:
Ìyẹn tó jẹ́ pé ibi tóo bá dì í sí lóṣù Kẹta ni wàá wà tó bá kan ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì lóṣù Karùn-ún. Àbí ta ló wá ń ké nínú gúrúùpù yìí nígbà kan pé wọn ò fún òun níwèé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ó dáa, èmi ni. Aládùúgbò mi ń du ipò lábẹ́ Republican, èèyàn dáadáa, òun ló máa ń bá mi gé koríko tí mo bá rìnrìn àjò. Mo lọ dìbò fún un. Ó fìdí rẹmi. Lóṣù Karùn-ún ni mo wá rí i pé adájọ́ kan tí mo fẹ́ wà ní apá Democrat. Wọ́n ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ṣùgbọ́n ó ṣì sàn ju ti Maryland lọ!

Àbẹ̀kẹ́ Atlanta:
Adájọ́ tí ẹ ń dìbò fún gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Adájọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú!

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Harris County, káúńtì tiwa ní Houston, ńkọ́? Ìwé ìdìbò wa gùn ju ìwé ìgbéyàwó lọ, adájọ́ lórí adájọ́. Ní 2018, obìnrin dúdú mẹ́tàdínlógún ló di adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn lábẹ́ Democrat. Nígbà náà, ẹ lè tẹ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gbé gbogbo rẹ̀. Láti 2020 ni wọ́n ti mú ìyẹn kúrò, wàá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ọrùn á fi ro ọ́. A sì tún ń dìbò yan ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ti rélùwéè. Ẹ gbà mí gbọ́, kò kan rélùwéè mọ́, epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ń bójú tó.

Túnjí Dallas:
Republican ló sì ń wọbẹ̀. Democrat kankan ò tíì borí ní ipò tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń dì láti 1994. Ibi tí Democrat ti ń wọlé, wọ́n tún un yà. Ní 2025 wọ́n tún àwòrán àgbègbè ìdìbò fún ilé aṣòfin Washington yà láìdúró de ìkànìyàn, kí Republican lè rí ìjókòó márùn-ún kún tiwọn. California náà fi ìbò aráàlú tún tiwọn yà lóṣù Kọkànlá, kí Democrat lè rí i gbà padà. Èèyàn á sùn sọ́dọ̀ aṣòfin kan, á jí sọ́dọ̀ òmíràn, ilé ò sì kúrò lójú kan.

Àbẹ̀kẹ́ Atlanta:
Ẹ̀yin fi epo ṣe yangàn, Atlanta fi iná ṣe é. Ní Georgia, a ń dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń fọwọ́ sí owó iná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Republican fi jókòó sórí márààrún, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn. Owó iná gòkè, ó tún gòkè. Èmi tí mo fi ẹ̀rọ amúlétutù méjì sun oorun, bíìlì wọlé, mo jókòó sílẹ̀. Lóṣù Kọkànlá 2025, Alicia Johnson àti Peter Hubbard, Democrat méjì, lé àwọn méjì kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn tí wọn kì í jáde dìbò ló gbé bíìlì iná dání.

Wálé Columbus:
Ẹ̀yin lẹ lè dìbò lé NEPA lọ? Ọlọ́run ò dá wa bákan náà.

Ṣadé Brooklyn:
😂😂 Kí wọ́n gbé ìyẹn lọ sílé fún wa. Èmi á dìbò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Túnjí Dallas:
Atlanta ń sọ̀rọ̀ ìdìbò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì yín ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó dé ibùdó ìdìbò, wọ́n ti ka ìbò tán.

Àbẹ̀kẹ́ Atlanta:
Ẹni tó ń gbé Dallas tí kò rí odò wẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó. Houston ni Èkó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. A ní omíyalé, a ní ooru, a ní súyà Bissonnet, a sì ní àwọn tó ń jẹ gbèsè aṣọ ẹbí.

Àdùnní Baltimore:
Ọjọ́ ìdìbò nílé ń sọ mí o. Gbogbo mọ́tò á dúró sílé, àwọn ọmọ á gbé òkúta méjì méjì sójú títì márosẹ̀, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá wa á wọ àǹkárá tuntun bí ẹni ń lọ síbi ọdún, á wá padà dé á máa fi àtàǹpàkò tí wọ́n kùn ládàwà han gbogbo ayalégbé. Níbí, sítíkà kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mi láyà, mo gbàgbé rẹ̀ sára aṣọ, mo fọ̀ ọ́.

Bàbá Àgbà Chicago:
Níbí, kò sí dìbò-kó-o-se-ọbẹ̀.

Ṣadé Brooklyn:
Bàbá, ìwé dídán Trone ńkọ́? Ọgọ́ta mílíọ̀nù, ìrẹsì kóńgò kan kò bá a rìn!

Alàgbà Silver Spring:
Ó sì tún fìdí rẹmi. Ẹni tó bá ná irú owó yẹn nílé, wọ́n á fi joyè.

Ìyá Ìbejì Bowie:
Mo ti wọlé padà o. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ní kí n jókòó, òun ń lọ pe ọ̀gá òun nípa àpòòwé yẹn. Ẹ dúró, ó ń bọ̀.

Àdùnní Baltimore:
Ẹ má gbà kí wọ́n lé yín, ìyá.

Alàgbà Silver Spring:
Ìyá, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ káúńtì á gbọ́ ẹjọ́ ilé ìkẹ́rùsí yẹn náà. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn kì í béèrè ẹgbẹ́. Kí gbogbo àdúgbò wọ aṣọ kan náà lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Houston:
Aṣọ ẹbí! Èló ni yáàdì?

Wálé Columbus:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ta ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀? Èlùbọ́ kílò mẹ́rin mi wà ní Bódìjà, ẹnikẹ́ni ò gbà á.

Àbẹ̀kẹ́ Atlanta:
Kílò mẹ́rin bàbá ta? Nígbà tó kọjá, kílò mẹ́rin yín wọn méje lórí òṣùwọ̀n pápákọ̀ òfurufú. Ẹ kọ́kọ́ san tèyí tí mo gbé.

Wálé Columbus:
Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má dójú tì mí níta gbangba.